Wáìfáì ọ̀tọ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ lẹ́yìn firewall ilé: báwo ni kí n ṣe é?

Aránṣọ_Òṣogbo
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin ló bá mi to íntánẹ́ẹ̀tì ilé kó tó gbéra lọ sí Kánádà. Módẹ́ẹ̀mù ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló wà níwájú, wáyà ti ara rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí OPNsense, ètò firewall tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde, wà nínú rẹ̀. Ihò wáyà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà, méjì là ń lò. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú switch, àpótí tó ń pín wáyà fún ẹ̀rọ púpọ̀. Ara switch yìí ni wáìfáì ilé, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìṣirò owó so mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà níwájú ilé. Àwọn ọmọṣẹ́ ń bẹ̀ mí fún wáìfáì, àwọn kọ́sítọ́mà náà sì máa ń fẹ́ fi sítáì hàn mí lórí fóònù nígbà tí dátà wọn ti tán. N kò lè fún gbogbo ayé ní páásíwọ́ọ̀dù ilé. Mo wá ra ráútà kékeré kan, mo fa wáyà láti ara switch, mo ki í bọ ọ́. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo nǹkan fi dàrú: kámẹ́rà ò hàn lórí fóònù mi mọ́, àwọn kan ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ò rí i. Bí mo ṣe yọ ọ́ báyìí, ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ rí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má sì rí ohunkóhun tó wà nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kó yé mi.

WáyàBoy_Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ihò LAN, ti ẹ̀rọ inú ilé, lẹ ki wáyà bọ̀, mo mọ̀. Ráútà tuntun yẹn ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún fóònù, firewall náà ń pín in, ni wọ́n bá kọlu ara wọn. Ẹ yọ wáyà yẹn, ẹ ki í bọ ihò WAN, ti ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yàtọ̀ sí ti ìyókù. Ráútà yẹn á dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ á wà níbẹ̀, ilé á wà lọ́tọ̀. Ó ti parí nìyẹn.

Bàbá_Switch
WáyàBoy, ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. DHCP (ohun tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì) méjì nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, wàhálà ni. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 ni ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ láti inú páálí wọn. Bí firewall ìyá yìí bá ń jẹ́ 192.168.1.1, tí ráútà tuntun náà tún ń jẹ́ orúkọ kan náà, kámẹ́rà ò ní mọ èwo nínú wọn ló yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún.

Ibi tí o ti ní kí wọ́n ki í bọ WAN kó parí, ibẹ̀ ni mi ò bá ọ dé. Tẹ̀ lé ọ̀nà tí dátà ń gbà. Fóònù ọmọṣẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ráútà tuntun. Bó bá ń lọ sórí Google, àárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ló máa gbà kó tó kan firewall. Tí ọmọ náà bá wá tẹ 192.168.1.20 tó jẹ́ ti kámẹ́rà ńkọ́? Ráútà á wò ó, á rí i pé kò sí lọ́dọ̀ òun, á tì í sókè, kámẹ́rà á sì dáhùn. NAT inú ráútà, tó ń fi àdírẹ́ẹ̀sì ráútà bo ti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń dáàbò bò lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè. Àwọn ọmọṣẹ́ lo fi dáàbò bò lọ́wọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù yẹn, o fi ìyá fúnra rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú
Yéè! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tèmi ṣe wà fún àwọn ayálégbé wa. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, mo wà níbí.

Adé_Peckham
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò sí Guest Network lára ráútà tuntun yẹn ni? Òun ni mo ń lò fún àlejò níbí. Ẹ kàn tàn án, ẹ fún un ní orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, àwọn àlejò ò ní lè dé ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Kí la wá ń fa ọ̀rọ̀ gùn sí?

Títí_OpenWrt
Ẹ̀gbọ́n Adé, tiyín ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ráútà yẹn gan-an ni olórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín. Òun ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, òun náà ló ń pinnu ẹni tó lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Tiwọn yàtọ̀. OPNsense ni olórí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sọ ráútà di access point lásán, tó kàn ń tan wáìfáì ká, lẹ́yìn firewall, ọ̀pọ̀ wọn ni Guest Network wọn máa ń pòórá nínú settings. Àwọn mìíràn á fi í sílẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ orúkọ wáìfáì kejì lásán ni, inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé kan náà ló ń já sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èyí tí tirẹ̀ jẹ́, kó bọ́ sórí wáìfáì àlejò yẹn, kó tẹ àdírẹ́ẹ̀sì kámẹ́rà sínú browser. Bí ojúewé kámẹ́rà bá yọjú, kò sí ìyàsọ́tọ̀ kankan níbẹ̀.

Firewall dà bí mègáàdì ẹnu géètì. Ẹni tó bá gba ẹnu géètì kọjá nìkan ló lè dá dúró. Nítorí náà, dandan ni kí ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọṣẹ́ sí kámẹ́rà gba inú firewall kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí òfin tí ẹ máa kọ tó máa ràn yín lọ́wọ́.

Orí yín sì ti bá yín ṣe é, ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, torí ihò méjì ṣì ṣófo lára kọ̀ǹpútà yẹn. Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi rèé. Ẹ wọ OPNsense, ẹ lọ sí Interfaces, Assignments, ẹ mú ihò kẹta, ẹ sọ ọ́ ní SHOP, ẹ tàn án. Ẹ fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kò bá ti ilé dọ́gba, bíi 192.168.50.1/24. Ẹ tan DHCP fún un, kó máa pín láti .100 dé .200. Ìyẹn parí.

Ó wá ku ráútà tuntun. Ẹ má ki í bọ ohunkóhun ná. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù nìkan, ẹ wọ ojúewé rẹ̀, ẹ yí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sí 192.168.50.2. Ẹ pa DHCP rẹ̀. Ẹ fi ààbò wáìfáì WPA2 pẹ̀lú AES sí i, tàbí WPA3 bó bá ní in. Ẹ pa WPS, tí wọ́n fi ń so fóònù mọ́ wáìfáì láìtẹ páásíwọ́ọ̀dù, torí pé láti ọdún 2011 ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé PIN rẹ̀ ṣeé fọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fa wáyà láti ihò kẹta firewall, kí ẹ ki í bọ ihò LAN ráútà. LAN ni o, ẹ fi WAN rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Tí ráútà yẹn bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní AP mode, ẹ yàn án, á bá yín ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

WáyàBoy_Ìbàdàn
Bàbá Switch, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ NAT yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ò lo VLAN, kí wáyà kan gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì púpọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ayé ti kúrò ní ká máa fa wáyà kọ̀ọ̀kan fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan.

Bàbá_Switch
Ìgbà tó bá jẹ́ wáyà kan ṣoṣo ló máa gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ni VLAN wúlò. Ká ní wọ́n fẹ́ kí wáìfáì ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù jọ jáde lára access point kan, màá ní kí wọ́n ra switch tó mọ 802.1Q, ìlànà VLAN, bíi TL-SG108E, àti access point tó lè so orúkọ wáìfáì kọ̀ọ̀kan mọ́ VLAN tirẹ̀. UniFi ń ṣe é, Omada ń ṣe é, ráútà àtijọ́ tí a fi OpenWrt sí náà ń ṣe é. Àmọ́ ráútà tí wọ́n ti rà yẹn lè má mọ ohun tó ń jẹ́ VLAN rárá, ihò wáyà sì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí la fẹ́ fi ìnáwó kún un ṣe? Tí èèyàn bá tún ṣi VLAN tò sára switch, ó lè ti ara rẹ̀ mọ́ta pátápátá, kó má lè wọ firewall mọ́, àbúrò tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà ní Kánádà.

Aránṣọ_Òṣogbo
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣe é bí Títí ṣe wí. Fóònù ti gba àdírẹ́ẹ̀sì 192.168.50.101, wáìfáì hàn kedere, ṣùgbọ́n kò wọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ilé ń wọ̀ ọ́ dáadáa, kámẹ́rà náà ò yẹ̀. Kí ló kù?

Títí_OpenWrt
Òfin ló kù. LAN, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, ní òfin "jẹ́ kí gbogbo nǹkan kọjá" láti ìgbà tí wọ́n ti fi OPNsense sínú kọ̀ǹpútà. Ihò tuntun ò ní òfin kankan, ohun tí kò bá sì ní òfin, dídí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni pfSense, ètò firewall mìíràn, ṣe ń ṣe.

Ẹ lọ sí Firewall, Rules, SHOP. Láti òkè wá sílẹ̀ ló ń kà á, èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ló máa tẹ̀ lé, kò ní wo ìyókù mọ́. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe tò ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Èyí tó wà lókè pátápátá, ẹ jẹ́ kí SHOP dé This Firewall (OPNsense fúnra rẹ̀) lórí port 53, TCP àti UDP, kí fóònù lè bèèrè orúkọ ojúewé. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ dí SHOP mọ́ This Firewall fún gbogbo ohun tó kù, kí ọmọṣẹ́ kankan má lọ máa dán páásíwọ́ọ̀dù OPNsense yín wò. Lábẹ́ ìyẹn, ẹ dí i mọ́ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé, 10.0.0.0/8, 172.16.0.0/12 àti 192.168.0.0/16, ẹ ṣe alias kan, ìyẹn orúkọ kan ṣoṣo, fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó má pọ̀ jù. Nísàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ ti wá jẹ́ kó lọ síbi gbogbo. Tí ẹ bá fi ti ìgbẹ̀yìn yìí sókè, àwọn tó kù di ọ̀ṣọ́ lásán.

Adé_Peckham
Mo fara mọ́ ohun tí Títí sọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí á fi kún un. Àwọn àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, IPv4, irú àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́, nìkan ni. Bí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fún wọn ní IPv6, irú tuntun, kámẹ́rà lè ti ní àdírẹ́ẹ̀sì kejì tí kò sí nínú alias yẹn, àwọn ọmọṣẹ́ á sì gba ibẹ̀ wọlé. Bóyá kí òfin tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ ti IPv4 nìkan, kí wọ́n má sì tan IPv6 fún SHOP, tàbí kí wọ́n fi òfin kan kún un tó dí SHOP mọ́ LAN net, IPv4 àti IPv6 lápapọ̀. Èmi ìkejì ni màá yàn.

Títí_OpenWrt
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Kí wọ́n ṣe méjèèjì pàápàá.

Aránṣọ_Òṣogbo
Ó ti wọlé! Mo fi fóònù ọmọṣẹ́ kan tẹ àdírẹ́ẹ̀sì kámẹ́rà, ó yí, ó yí, kò ṣí. Inú mi dùn. Àmọ́ láti kọ̀ǹpútà inú ilé, n kò lè ṣí ojúewé ráútà ṣọ́ọ̀bù, 192.168.50.2 yẹn. Ṣé òfin náà ló dí mi ni?

Bàbá_Switch
Rárá o. LAN lè dé SHOP. Láti SHOP sí LAN ni ẹ dí. Ráútà yẹn gbọ́ ìpè yín, àmọ́ kò mọ ọ̀nà tó máa gbà dáhùn, torí ẹ wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé 192.168.50.1 ni ẹnu ọ̀nà. Ẹ wò ó bóyá àyè wà fún Gateway lábẹ́ LAN settings rẹ̀, kí ẹ kọ 192.168.50.1 síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà kékeré ò ní àyè yẹn. Bí kò bá sí, ẹ bọ́ sórí wáìfáì ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tún mú mi rántí nǹkan. Àwọn ọmọṣẹ́ àti ráútà yẹn jọ wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ọ̀rọ̀ àárín wọn ò kan firewall rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí wáìfáì ṣọ́ọ̀bù lè tẹ 192.168.50.2, kó sì rí ojú ibi tí wọ́n ti ń wọlé. Bí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ bá ṣì jẹ́ admin, ẹ yí i padà lálẹ́ òní. Ẹ tan AP Isolation náà bó bá ní in, kí fóònù kọ́sítọ́mà kan má lè yọjú wo ti ẹlòmíràn.

Alábòójútó_Hostel_Ifẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń ṣe é fún. Ààbò ti wà o, àmọ́ dátà ni yóò pa yín. Bí ọmọṣẹ́ bá ti mọ páásíwọ́ọ̀dù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódìkejì títì ti mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta káàdì níwájú ti mọ̀ ọ́n. Captive Portal, ojúewé tó ń dá èèyàn dúró kó tó wọ íntánẹ́ẹ̀tì, wà nínú OPNsense, ó sì lè ṣe voucher: nọ́ńbà kan fún ẹnì kan, pẹ̀lú iye wákàtí tí ẹ bá fẹ́. Mo máa ń tẹ̀ wọ́n sórí bébà, mo gé e wẹ́wẹ́. Kọ́sítọ́mà á gba ti wákàtí méjì, ọmọṣẹ́ á gba ti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tún lo Shaper tó ń dín ìyára kù, kí fóònù kan má ju 2 Mbit/s lọ. Ìyẹn tó wo sítáì, ẹni tó fẹ́ fa odindi fíìmù sílẹ̀ á kàn sú ara rẹ̀.

WáyàBoy_Ìbàdàn
Voucher ti pọ̀ jù fún ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n fi MAC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, àwọn ọmọṣẹ́ sínú ìwé, kí ráútà lé ẹni tí kò bá sí níbẹ̀.

Alábòójútó_Hostel_Ifẹ̀
Mo ti gbé ìyẹn jù sílẹ̀ tipẹ́. Android láti orí 10 àti iPhone láti orí iOS 14, MAC àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò fún wáìfáì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà á ní kí fóònù gbàgbé wáìfáì, á yí MAC padà nínú settings, á sì di àlejò tuntun sí ráútà. Àwọn kọ́sítọ́mà ńkọ́? Ṣé ìyá á máa kọ MAC wọn kó tó wọn aṣọ fún wọn ni?

Aránṣọ_Òṣogbo
😂 Voucher ni màá lò. Ìbéèrè méjì ló kù. Ọmọṣẹ́ àgbà mi máa ń tẹ ìwé ìwọ̀n aṣọ jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ilé. Ṣé mo lè ṣí i fún un? Èkejì, wáyà tí mo fa gba ojú fèrèsé, ó sì ní láti la àgbàlá kọjá dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ta wáyà ní kí n lo àpótí PoE, tó ń gbé iná gba inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, kí n má bàa fa iná lọ síbẹ̀. Ṣé ó dára?

Títí_OpenWrt
Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rọrùn. Ẹ fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí, ká ní 192.168.1.30, kí ẹ wá fi òfin kan sí òkè gbogbo èyí tó dí SHOP mọ́ ilé: SHOP lè dé 192.168.1.30 lórí TCP 9100 àti 631 nìkan. Fóònù rẹ̀ ò ní dá a rí fúnra rẹ̀ o, torí mDNS tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í rékọjá láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí èkejì. Kó fi ọwọ́ tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà sí i.

Bàbá_Switch
Ẹ ṣọ́ra fún PoE yẹn. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá 802.3af ni. 802.3af máa ń kọ́kọ́ yẹ ohun tó wà lódìkejì wò, bí kò bá jẹ́ ohun tó ń gba iná láti ara wáyà, kò ní fún un níná. Èyí tí wọ́n ń pè ní passive, yálà 24V tàbí 48V, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iná á kàn wọlé, ráútà lásán bíi tiyín lè jóná. Ráútà tiyín ò ní PoE, bátìrì kékeré 12V tí wọ́n ń tà fún ráútà ló dára jù níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ráútà kẹ́ ẹ rí i bóyá 12V ló ń gbà tàbí 9V kẹ́ ẹ tó rà á.

Wáyà fúnra rẹ̀, ẹ ní kó jẹ́ bàbà pátápátá. Wọ́n ń ta èyí tó jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀, bó bá funfun nínú, ẹ dá a padà. Ti ìta ni kí ẹ rà, aláwọ̀ dúdú, torí oòrùn máa ń fọ́ ìbora àwọn ti inú ilé. Kò gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ, kẹ́ ẹ má sì dì í pọ̀ mọ́ wáyà NEPA. Bí òjò bá ṣú tí àrá bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́ lára firewall.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú
Ẹ jọ̀wọ́, èmi ò ní OPNsense. Módẹ́ẹ̀mù tó ní wáìfáì àti ráútà kan ni mo ní. Ìdílé wà lórí módẹ́ẹ̀mù, àwọn ayálégbé wà lórí ráútà. Ṣé kí n ra kọ̀ǹpútà ni?

Bàbá_Switch
Ẹ yí wọn padà ná. Kí ìdílé bọ́ sẹ́yìn ráútà, nípasẹ̀ WAN rẹ̀, kí ẹ fi wáìfáì módẹ́ẹ̀mù sílẹ̀ fún àwọn ayálégbé. NAT á wá máa dáàbò bo ẹni tó yẹ. Ẹ kó gbogbo ohun tó jẹ́ tilé, títí kan tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà, lọ sẹ́yìn ráútà náà, kẹ́ ẹ sì yí páásíwọ́ọ̀dù módẹ́ẹ̀mù, torí ọwọ́ wọn dé ibẹ̀.

Títí_OpenWrt
Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ dátà ìdílé ṣì ń gba àárín àwọn ayálégbé kọjá, ẹni tó bá gbọ́n féfé nínú wọn lè ṣe ARP spoofing, ìyẹn kó fi ara rẹ̀ pe módẹ́ẹ̀mù, kó máa wo ibi tí ẹ ń lọ. Bí owó bá yọ, ẹ ra ráútà kejì fún àwọn ayálégbé, kí ẹ so ráútà méjèèjì mọ́ módẹ́ẹ̀mù nípasẹ̀ WAN wọn, kí ẹ sì pa wáìfáì módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tó máa lè wọ inú ara wọn.

Ìyá_Ìbejì_Ìkòròdú
Ẹ ṣé, Títí. Tí mo bá so méjèèjì mọ́ ọn, ṣé àdírẹ́ẹ̀sì ráútà méjèèjì lè jọra?

Títí_OpenWrt
Wọ́n lè jọra síra wọn, torí wọn ò ríra. Ti módẹ́ẹ̀mù ni kò gbọdọ̀ jọ tiwọn. Bí módẹ́ẹ̀mù bá ń jẹ́ 192.168.1.1, ẹ fi àwọn ráútà sí 192.168.10.1 àti 192.168.20.1, kó má baà dà yín lójú rú nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé sí wọn.